Kálíkúlọ́ọ̀sì kì í ṣe ti àgbà nìkan: bí ọmọ ọdún méje ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá a rí

Bí a bá dárúkọ kálíkúlọ́ọ̀sì láàárín àwọn tí ó ti ilé ẹ̀kọ́ girama kọjá, ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Àwọn kan yóò rántí bí olùkọ́ ṣe máa ń fi àwọn àmì àjèjì kún ojú pátákó, tí àwọn sì ń dà á kọ sínú ìwé láìmọ ohun tí ó dúró fún. Àwọn mìíràn yóò ní àwọn kò tilẹ̀ dé ibẹ̀ rárá, nítorí pé abẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Further Mathematics ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ìwọ̀nba akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì ń yan iṣẹ́ náà. Ẹ̀rù tí ó bá wọ ènìyàn lára ní ọmọ ọdún 16 kì í tètè jáde.

Nítorí náà, ó lè ṣòro fún òǹkàwé láti gbà gbọ́ bí a bá sọ pé ọmọ ọdún méje lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní òye ohun tí kálíkúlọ́ọ̀sì ń sọ. A kò sọ pé yóò lè ka àwọn àmì náà o. Ohun tí à ń sọ ni pé bí a bá fún un ní bébà àti àlùmọ́gàjí, tàbí omi àti ìgò, tàbí ọmọ ayò, ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá èrò tí ó wà lẹ́yìn àwọn àmì náà rí, ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú kí ó tó pàdé wọn lójú pátákó. Ó ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ kan ti ń ṣe é.

Kí tilẹ̀ ni kálíkúlọ́ọ̀sì gan-an? Bí a bá ṣí aṣọ lójú eégún rẹ̀, ìbéèrè méjì péré ni a ó bá níbẹ̀. Èkíní ni pé: ohun tí ó ń yí padà yìí, báwo ni ó ṣe ń yára yí padà sí ní ìṣẹ́jú tí a wà yìí? Èkejì ni pé: bí a bá ń kó díẹ̀díẹ̀ jọ, tí díẹ̀díẹ̀ náà sì ń kéré sí i, mélòó ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ níkẹyìn? Awakọ̀ tí ó ń fẹ́ mọ bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń sáré tó ń béèrè ìbéèrè kìíní. Àgbẹ̀ tí ó fẹ́ mọ bí ilẹ̀ tí etí rẹ̀ wọ́ ṣe fẹ̀ tó ń béèrè èkejì. Orúkọ náà pàápàá kò lẹ́rù nínú: èdè Látìnì ni, òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn ará Róòmù fi ń ka nǹkan ni ó túmọ̀ sí.

Isaac Newton ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọmọ ọdún 22 nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní 1665. Gottfried Leibniz ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni ó kọ́kọ́ tẹ tirẹ̀ jáde, ní 1684, ìjà ta ni ó ni ín kò sì tán láàárín àwọn méjèèjì títí ikú fi dé. Ṣùgbọ́n Archimedes, ará Gíríìkì tí ó gbé ní ìlú Syracuse ní nǹkan bí ọdún 250 ṣáájú ìbí Jésù, ti ń fi irú èrò bẹ́ẹ̀ wọn àwọn nǹkan tí ó tẹ̀ kọdọrọ, láìní àmì Newton, láìní ti Leibniz. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ilé ẹ̀kọ́ ní kí a kọ́kọ́ mọ ìṣirò lásán, lẹ́yìn náà kí a mọ áljébrà, kí a tó lè dé ọ̀dọ̀ kálíkúlọ́ọ̀sì. Òótọ́ ni pé àwọn àmì kálíkúlọ́ọ̀sì kò ṣeé lò láìsí áljébrà. Èrò rẹ̀ kò nílò áljébrà.

Ọ̀kan lára àwọn tí ó fi gbogbo ayé wọn ṣe iṣẹ́ yìí ni Don Cohen, olùkọ́ ìṣirò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí The Mathman. Ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Robert B. Davis nínú Madison Project, ètò kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1957 ní ìlú Syracuse (ti ìpínlẹ̀ New York ni o, kì í ṣe ti Archimedes) láti tún ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọmọdé ní ìṣirò ṣe. Ní 1976, òun àti Jerry Glynn dá ètò ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Champaign, ní ìpínlẹ̀ Illinois, níbi tí àwọn ọmọdé ti máa ń wá bá wọn lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni Cohen kó ohun tí ó ti rí lọ́dọ̀ àwọn ọmọ náà jọ sínú ìwé kan tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Calculus By and For Young People, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé láti ọmọ ọdún méje sókè ni ó wà fún. Kì í ṣe pé ìwé náà wà fún àwọn ọmọdé nìkan, ọwọ́ wọn ni ó ti wá pẹ̀lú, nítorí pé àwòrán tí wọ́n yà àti ọ̀nà tí àwọn fúnra wọn rí ni ó kún inú rẹ̀.

Dípò kí a máa sọ̀rọ̀ lókè lókè, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan nínú irú àwọn iṣẹ́ náà ṣe.

Ẹ yọ ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn tí ẹ ti kà tán. Ẹ pe ọmọ mẹ́ta jókòó, kí ẹ sì sọ fún wọn pé àwọn ni wọn yóò pín bébà náà láìsí ìrẹ́jẹ, ṣùgbọ́n òfin kan wà: ọ̀nà mẹ́rin tí ó dọ́gba ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa gé nǹkan sí, kò gbọdọ̀ jẹ́ mẹ́ta. Wọn yóò ká bébà náà sí méjì, wọn yóò tún un ká, wọn yóò gé e sí mẹ́rin. Ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan, ó ku ẹyọ kan sílẹ̀. Wọn yóò gé ẹyọ tí ó kù sí mẹ́rin, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò tún mú ọ̀kan, yóò tún ku ẹyọ kan. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi máa kígbe pé, “Ó tún ku!” Nígbà tí wọ́n bá gé e lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹyọ tí ó ṣẹ́ kù yóò jẹ́ ìdá kan nínú 256 bébà àkọ́kọ́, kò ní fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, àlùmọ́gàjí yóò sì ti fẹ́ máa kọ̀ ọ́.

Ìgbà yìí ni kí olùkọ́ béèrè pé: kí ni ó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ẹyọ ńlá kan tí ó jẹ́ 1/4, ẹyọ kan tí ó jẹ́ 1/16, ọ̀kan tí ó jẹ́ 1/64, àti ọ̀kan tí ó jẹ́ 1/256. Èyí tí ó bá ti dàgbà díẹ̀ nínú wọn lè ṣírò rẹ̀ pé 85 nínú 256 ni, àti pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pín 255, ó ku 1. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí ó ṣe kókó: bí a bá ní ọ̀bẹ tí kì í kú, tí a sì ń gé e lọ títí láé, kí ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan? Kò sí ẹni tí yóò ṣírò rẹ̀. Ẹni mẹ́ta pín nǹkan kan dọ́gba, kò sí ẹni tí ó gbà ju ẹnì kejì lọ, nítorí náà 1/3 ni ti olúkúlùkù. Ìyẹn ni pé bí a bá ń ro 1/4 àti 1/16 àti 1/64 pọ̀ lọ láìdúró, 1/3 ni a ń lọ. Ìṣirò yìí gan-an ni Archimedes lò nígbà tí ó ń wá bí àyè tí ó wà láàárín ìlà tí ó tẹ̀ àti ìlà tí ó tọ́ ṣe fẹ̀ tó.

Àríyànjiyàn yóò bẹ́ sílẹ̀, ó sì yẹ kí ó bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ kan yóò ní, “Kò lè tán láé, ẹyọ kan yóò máa kù ni.” Òmíràn yóò ní ẹyọ náà kò já mọ́ nǹkan mọ́. Kí olùkọ́ má ṣe dá ẹjọ́ náà. Kí ó sọ ọ́ di eré: kí ẹnì kan sọ bí ó ṣe fẹ́ kí ẹyọ tí ó kù kéré tó, kí ẹnì kejì sì sọ iye ìgbà tí wọn yóò gé bébà kí ó tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Bí alátakò bá ní òun fẹ́ kí ó kéré ju ìdá kan nínú 1,000 lọ, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ìdáhùn, nítorí pé ẹyọ tí yóò kù lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ 1/1024. Bí ó bá ní ìdá kan nínú mílíọ̀nù, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni. Ohun yòówù kí ó sọ, ìdáhùn wà. Eré yìí ni òpó tí gbogbo kálíkúlọ́ọ̀sì dúró lé. Ó sì gbà tó 150 ọdún lẹ́yìn tí Newton bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní ṣàkó, Cauchy ará ilẹ̀ Faransé ní àwọn ọdún 1820, àti Weierstrass ará ilẹ̀ Jámánì lẹ́yìn rẹ̀. Ní yunifásítì, àwọn lẹ́tà Gíríìkì ni wọ́n fi ń kọ́ni ní eré náà, ẹ̀rù á sì ba akẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé díẹ̀díẹ̀ tí imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà ni.

Ìṣòro mìíràn tí ó wà nínú ìwé Cohen ni ti bisikíìtì mẹ́fà tí ènìyàn méje fẹ́ pín. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ ní ìdá yóò dáhùn kíá pé 6/7 ni, ṣùgbọ́n ẹ ní kí ó fi ọ̀bẹ gé e, yóò dúró. Ọmọ tí kò tíì mọ ìdá yóò ṣe ohun tí gbogbo ìyá ń ṣe nínú ilé: yóò gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ó di ìlàjì 12, ènìyàn méje mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlàjì márùn-ún kù. Ó gé ìwọ̀nyí sí méjì-méjì, ó di mẹ́wàá, ènìyàn méje mú, mẹ́ta kù. Ó tún gé wọn, ó di mẹ́fà, kò kárí, nítorí náà kò sí ẹni tí ó mú nínú rẹ̀. Ó tún gé àwọn mẹ́fà náà, ó di 12. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ni a tún padà dé yìí! Láti ibi yìí lọ, ọmọ náà kò nílò ọ̀bẹ mọ́. Ó ti mọ ohun tí yóò máa ṣẹlẹ̀ títí ayé: mú, mú, fò. Mú, mú, fò. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni 1/2 àti 1/4, kò sí 1/8, 1/16 àti 1/32, kò sí 1/64, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ sí 6/7. Ní tèmi, ohun tí ó níye lórí jù níbẹ̀ ni àkókò tí ọmọ náà rí 12 lẹ́ẹ̀kejì, tí ó sì dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró láti ronú.

Títí dé ibi yìí, ìbéèrè kejì, ti àkójọ, ni a ti ń sọ. Ọpọ́n ayò ni a ó fi dé ọ̀dọ̀ èkíní. Gbogbo ẹni tí ó bá ta ayò mọ̀ pé ọmọ 48 ni ó wà nínú ọpọ́n, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò 12. Ẹ kó wọn jáde. Ẹ fi ọmọ kan sílẹ̀ lórí ẹní. Ẹ wá ní kí ọmọ yín to òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti sí òkè rẹ̀ kí ó lè di onígun mẹ́rin ọgbọọgba. Mẹ́ta ni yóò gbà, gbogbo rẹ̀ yóò di 4. Kí ó tún to ìlà mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: 5 ni yóò gbà, gbogbo rẹ̀ yóò di 9. Lẹ́yìn èyí, 7 yóò sọ ọ́ di 16, 9 yóò sọ ọ́ di 25, 11 yóò sọ ọ́ di 36. Ẹ dá a dúró níbẹ̀ kí ẹ sì béèrè bóyá ọmọ ayò tí ó kù yóò tó fún èyí tí ó kàn. Ọmọ 12 ni ó kù, 13 ni iṣẹ́ náà fẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí ọpọ́n ayò wa di méje lọ́nà méje!

Ohun tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kì í ṣe kékeré. Ó rí àwọn iye tí ó ń dàgbà, 1, 4, 9, 16, 25, 36. Ó rí ohun tí ó ń lé wọn lórí nígbà kọ̀ọ̀kan, 3, 5, 7, 9, 11. Ó sì rí i pé ohun tí ó ń lé náà fúnra rẹ̀ ń fi méjì-méjì lọ sókè. Bí ó bá yọ iye kan kúrò nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e, yóò rí èyí tí ó lé. Bí ó bá sì kó gbogbo èyí tí ó lé jọ lé ẹyọ àkọ́kọ́ lórí, yóò padà rí iye tí ó ní tẹ́lẹ̀. Títú àti kíkó jọ, ọ̀kan ni àtúbọ̀tán èkejì: èyí ni Newton àti Leibniz rí tí ó sọ ìbéèrè méjì àtijọ́ náà di ìmọ̀ kan ṣoṣo. Nínú ìwé kan tí Galileo tẹ̀ jáde ní 1638, ó ti fi hàn pé ohun tí ó bá ń já bọ́ láti òkè ń rin ìrìn 1, 3, 5, 7 yìí kan náà, bí a bá pín àkókò rẹ̀ sí ọgbọọgba. Àgbálùmọ̀ tí ó já láti orí igi ń ka òǹkà ọmọ ayò bọ̀ wá sílẹ̀.

Omi ni ó dára jù láti fi kọ́ ọmọdé ní ti yíyára àti fífalẹ̀. Ẹ wá ife kékeré kan àti ìgò mẹ́ta tí ara wọn hàn síta: kí ọ̀kan gún régé láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ọ̀kan fẹ̀ nídìí kí ó sì tínrín lọ́rùn bíi kèrègbè, kí ẹ̀kẹta yọ ikùn láàárín. Kí ọmọ máa da omi sínú wọn ní ife kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa fi pẹ́ńsù sàmì sára ìgò ní ibi tí omi dé. Lára ìgò tí ó gún régé, àlàfo àárín àwọn àmì yóò dọ́gba. Lára oníkèrègbè, àwọn àmì yóò há mọ́ra nísàlẹ̀, wọn yóò sì máa jìnnà síra bí omi ṣe ń wọ ọrùn. Ife kan náà ni o, omi kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ń yára gùn sí i níbi tí àyè ti há. Bí wọ́n bá ti ṣe èyí, ẹ lè yí i po: ẹ fi àwọn àmì nìkan hàn wọ́n lórí bébà, kí wọ́n sì ya irú ìgò tí ó ni ín. Àwọn olùkọ́ ní Shell Centre, ní Yunifásítì Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi irú iṣẹ́ yìí sínú ìwé tí wọ́n ṣe fún ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1985, láti fi kọ́ni bí a ṣe ń ka gíráàfù. Kò sí ìdí tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò fi lè ṣe èyí tí ó jẹ́ ti omi àti àmì nínú rẹ̀.

Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ilé tutù, ewé kan àti ìwé ìṣirò onílà mẹ́rin-mẹ́rin tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò yóò tó. Kí ọmọ fi pẹ́ńsù yí ewé náà ká lórí ìwé. Kí ó ka iye ojú mẹ́rin tí ó wà nínú ewé pátápátá, kí ó sì ka iye tí ewé kàn, bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Bí ó ṣe fẹ̀ gan-an wà láàárín iye méjèèjì. Bí a bá fi ìlà pín ojú kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, tí a sì tún un kà, iye méjèèjì yóò súnmọ́ ara wọn. Báyìí náà ni Archimedes ṣe há òbírí mọ́ àárín àwòrán méjì onígun 96, tí ó fi lè sọ pé àyíká òbírí fi díẹ̀ dín sí 3 1/7 ìbú rẹ̀, ó sì ju 3 10/71 lọ.

A kò lè sọ̀rọ̀ yìí kí a má dárúkọ Seymour Papert, ọmọ ilẹ̀ South Africa tí wọ́n bí ní ìlú Pretoria ní 1928. Ó ti bá Jean Piaget ṣiṣẹ́ ní Geneva lórí bí ọmọdé ṣe ń ronú kí ó tó lọ sí MIT ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 1967, òun pẹ̀lú Wallace Feurzeig àti Cynthia Solomon ṣe Logo, èdè kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọdé. Ìjàpá ni ọmọ ń pàṣẹ fún nínú rẹ̀: lọ síwájú díẹ̀, yà sí ọ̀tún díẹ̀. Bí a bá ní kí ìjàpá náà gbé ìṣísẹ̀ kan, kí ó yà ní ìwọ̀n kan, kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 360, òbírí ni yóò yà. Kí ọmọ tó kọ àṣẹ yìí, Papert fẹ́ kí ó kọ́kọ́ dìde kí ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín. Ẹni tí ó fi okùn àti èèkàn ya òbírí gbọ́dọ̀ mọ àárín rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjàpá yìí kò mọ àárín kankan, ìṣísẹ̀ tí ó kàn nìkan ni ó mọ̀. Láti inú ìṣísẹ̀ kékeré tí ó tọ́ ni ohun ńlá tí ó tẹ̀ ti ń jáde. (Ìjàpá ọkọ Yánníbo tiwa ì bá ti wá àbùjá.) Papert kú ní 2016, ìwé tí ó kọ lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1980, Mindstorms, ṣì ń wúlò fún olùkọ́ tí kò tilẹ̀ ní kọ̀ǹpútà, nítorí pé àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ àti ẹsẹ̀ méjì tó fún ìṣísẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí tún gba ojú ìwé ìròyìn kan ní 2014, nígbà tí The Atlantic ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ nípa Maria Droujkova, olùkọ́ ìṣirò tí ó dàgbà ní Ukraine, pé ọmọ ọdún márùn-ún lè kọ́ kálíkúlọ́ọ̀sì. Ìwé tí òun àti Yelena McManaman kọ ní 2013, Moebius Noodles, kún fún eré irú èyí fún àwọn ọmọ tí kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé ohun tí ó jinlẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ohun tí ó nira. Ìlànà àtúnṣe-àtúntẹ̀ tí a fi ń dá ọmọ kékeré lágara lè nira fún un ju èrò ńlá tí ó bá eré wọlé lọ.

Àmọ́ ṣá o, ìkìlọ̀ wà. Àkọlé ìwé ìròyìn lè mú kí òbí rò pé òun yóò fi kálíkúlọ́ọ̀sì sọ ọmọ òun di àràmàǹdà, kí ó sì lọ gba olùkọ́ tí yóò máa fi pàṣán kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní àmì. Òfò ni. Ọmọ tí ó gé bébà kò tíì mọ kálíkúlọ́ọ̀sì, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mọ orin kọ kò ṣe tíì mọ̀ ọ́n kà lójú ìwé. Ẹ̀rí tí ó lágbára jù tí a ní lórí iye èrè irú ẹ̀kọ́ yìí tilẹ̀ jẹ́ ti àwọn ọmọ tí ó ti tó ọdún 12 tàbí 13. Ètò SimCalc tí James Kaput bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1990 ni wọ́n dán wò ní ìpínlẹ̀ Texas, àwọn tí ó fi eré ìje lójú kọ̀ǹpútà kọ́ ìṣirò àyípadà sì mọ̀ ọ́n ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Kaput, tí ó kú ní 2005, kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ti àwọn olórí pípé. Ohun tí ó ń bá a jà ni pé kálíkúlọ́ọ̀sì ti di ẹnu ọ̀nà sí iṣẹ́ ẹ̀rọ, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti ètò ọrọ̀ ajé, bẹ́ẹ̀ àwọn tí àwọn òbí wọn rí owó san fún àfikún ẹ̀kọ́ ni ó ń rí ọ̀nà wọlé. A mọ irú rẹ̀ nílé.

Àwọn àgbà láàárín wa sì lè rántí ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Modern Mathematics. Ní 1960, Jerome Bruner kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀, The Process of Education, pé kò sí ẹ̀kọ́ kan tí a kò lè rí ọ̀nà òtítọ́ gbé kalẹ̀ fún ọmọ, ọjọ́ orí yòówù kí ó wà. Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n ìgbà tí irú ìrètí bẹ́ẹ̀ gbalẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà gbé ìṣirò tuntun jáde. Ní 1962, àwọn olùkọ́ láti Áfíríkà àti Amẹ́ríkà pàdé ní Entebbe, ní Uganda, láti kọ ìwé irú rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì dé Nàìjíríà. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ fagi lé e. Èdè tuntun àti àmì tuntun pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ tó, òbí kò sì lè ran ọmọ lọ́wọ́ mọ́ nínú iṣẹ́ àmúrelé. Òdìkejì rẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ tí à ń sọ yìí gbọ́dọ̀ jẹ́: kí nǹkan wà lọ́wọ́ ọmọ kí ọ̀rọ̀ tó dé, kí ọ̀rọ̀ sì wà kí àmì tó dé.

Ọ̀rọ̀ wo, ní èdè wo? Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì tún fagi lé e ní 2025. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó dí òbí tàbí olùkọ́ lọ́wọ́ láti jókòó ti ọmọ lórí ẹní kí ó sì bi í ní Yorùbá pé: kí ni ó kù? kí ni ó lé? ṣé ó ń yára ni tàbí ó ń falẹ̀? ibo ni ó ń súnmọ́? Kálíkúlọ́ọ̀sì kò ní ìbéèrè tí ó jù wọ̀nyí lọ.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ kan tó fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó má sì ju bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Kí àgbà kọ́kọ́ dán an wò fúnra rẹ̀ ní alẹ́, nítorí pé bébà tí a gé wọ́gọwọ̀gọ kì í dọ́gba. Kí ó béèrè pé “kí ni o rò pé yóò ṣẹlẹ̀?” kí ọwọ́ tó kan nǹkan, kí ó sì fara da ìdáhùn tí kò tọ̀nà láìtún un ṣe, ìgò tàbí àlùmọ́gàjí ni yóò tún un ṣe. Kí ọmọ ya ohun tí ó rí sínú ìwé kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn. Bí ó bá ní òun fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ń gé bébà sí láàárín ọmọ mẹ́rin, kí ẹnikẹ́ni má sọ ìdáhùn fún un. Ẹ pe ọmọ kan kún àwọn mẹ́ta, kí ẹ sì wá ojú ewé mìíràn.